Ohun tí Ràṣídà Kọ Nípa Bàbá Ẹ̀

Ọjọ́bọ̀, Sabon Zongo

Òjò ò jẹ́ kí ọmọ pọ̀ ní kíláàsì mi lónìí. Mo kọ́ wọn bí Òyìnbó ṣe ń sọ pé èèyàn jáde tàbí pé ó lọ, kó tó wá sọ ohun tó torí ẹ̀ lọ. Mo ní kí kálukú kọ gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ nípa ará ilé ẹ̀.

Ràṣídà kọ ọ́ pé: "My father went away to buy goods."

"Àǹtí, ṣé ó dáa? Wọ́n ní tó bá dé, á ra bàtà fún mi."

Mo wà níbi tí wọ́n ti sin bàbá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló bẹ gbogbo àdúgbò pé ká máa sọ fún ọmọ náà pé ó rìnrìn àjò. N ò tíì sọ ọ́ rí.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn ẹ̀. Mo fi báírò pupa máàkì í. Èmi náà ti fọwọ́ sí i nìyẹn.