Ọmọbìnrin Tó Fo Ọ̀gọ̀dọ̀ ní Grimsby

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kọkànlá, 2003
Ìwé mi fẹ́ jáde! Ogójì ọdún tí mo ti ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ wọ inú ìwé kan ṣoṣo. Kánmọ́kánmọ́—olóòtú ìwé mi ní London, tí kì í jókòó mu tíì tán—ní kí n fọwọ́ sí i kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àkọ́sọ mi gan-an: “N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó tún nǹkan ṣe nítorí kámẹ́rà mi.” Òótọ́ pọ́nńbélé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni à ń yà.

Ìṣẹ́gun, 4
Àwòrán iwájú ìwé: ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹja lílà ní èbúté Grimsby, 1974, ó ń fo ọ̀gọ̀dọ̀ òjò, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Òun ló sọ mí di ènìyàn. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo tún wo fíìmù náà lónìí. Àwòrán márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀ dúdú kirikiri. Fíìmù burúkú—ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀kẹfà.

Ọjọ́rú, 5
Ọjọ́ yíyin báńgà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni; àwọn ọmọ àdúgbò ń yìn ín láti ọ̀sán. N kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 6
Oníwèé ìròyìn Grimsby tí mo ní kó bá mi wá ọmọbìnrin inú àwòrán náà ti rí i! Doreen Blanchard. Ó ti ní ọmọ-ọmọ. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ.

Láti ẹnu ọ̀nà ló ti pariwo: “Àǹtí Onídèérí!” Mo ní orúkọ wo nìyẹn. Ó ní, “Ẹ ti gbàgbé ni? Mo fo omi, ẹ̀ ń tẹ kámẹ́rà wàì wàì, ìdérí ṣì wà lójú ẹ̀! Èmi ni mo sọ fún yín. Ẹ ṣépè, ẹ wá ní, ‘Jọ̀ọ́ àbúrò, tún un fò.’ Èpè yín yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú àwòrán yẹn!”

Irọ́ ni, mo ní. Ó bu ẹja díndín sí i fún mi, ó ní kí n lọ wo ìbọ̀sẹ̀ òun nínú àwòrán náà.

Kámẹ́rà tí mo ní nígbà yẹn, ihò tí a fi ń wò yàtọ̀ sí ojú tó ń ya àwòrán. Ẹni tó gbàgbé ìdérí kò ní mọ̀. Márùn-ún dúdú! Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí gidigidi.

Ẹtì, 7
Mo gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá lé àwòrán náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan omi. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti rin gbingbin dé orúnkún. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni gbogbo ayé fi wò ó!

Kánmọ́kánmọ́ pè, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló máa mọ̀?”

Doreen mọ̀.

Mo mú bírò pupa, mo fa igi gba gbólóhùn àkọ́sọ mi yẹn kọjá. Lábẹ́ àwòrán, níbi tí wọ́n kọ “Obìnrin kan, Grimsby” sí, mo kọ ọ́ pé: “Doreen Blanchard, ìfò kejì.” Mo wá fọwọ́ sí i.