Mi Ò Pa Ohun Tí Mo Kọ Rẹ́

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì

Eruku ilẹ̀ ṣì wà láyà mi. Fóònù ni mo dọ̀bálẹ̀ fún lónìí. Ìyá mi gbé e sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní kí n bẹ Bọ̀ọ̀dá Gàní, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní yunifásítì.

Láàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá gbé fọ́tò agbádá bàbá wọn sórí Fesibúùkù, wọ́n pè é ní sányán. Aṣọ tó dúdú bí aró. Mo bá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá, etù ni o. Sányán kì í dúdú." Làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn bá ń rẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá pè wá kíá. "Ṣé ìwọ tí o ò parí JSS tuù lo wá ń kọ́ mi níwèé lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi?"

Ìyá mi ní a kì í já àgbà nírọ́ ní gbangba, pé ǹ bá yọ́ ọ sọ fún wọn. Ìyẹn dùn mí, torí òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ṣebí Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ló kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Fesibúùkù ti jẹ́ káwọn mọ̀ pé kò sẹ́ni tí ò lè kọ́ tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Àbí mi ò sí lára ẹni? Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń hun aṣọ òfì ládùúgbò Bẹ́yẹ̀rúnkà.

Ìyá mi tún bi mí ṣé mo ti pa ohun tí mo kọ sábẹ́ fọ́tò yẹn rẹ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Etù ni.