Pákó Èso Tí Ilé Kò Gbà

Sakasaka, Tamale,
Oṣù Kẹfà, 1961.

Bernice Àyọ̀ká, ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Kí ìròyìn rere máa sáré tẹ̀lé ọ ní Accra, kí búburú má mọ òpópónà tí o ń gbé. Ìyá rẹ kí ọ, àwọn àbúrò rẹ kí ọ, àwọn ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi kí ọ. Asana, aládùúgbò wa tí ń ta èso, ní kí n kí ọ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé ìkíni àpapọ̀ kì í tó òun. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, àgbàdo ti hù, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ fìlà mi.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni o ń retí. Ti Ìyáàfin Araba ará Cape Coast, ìyá Ekow àfẹ́sọ́nà rẹ, ni o fẹ́ gbọ́. N kò gbàgbé ohun tí o kọ sí wa, pé obìnrin náà ní àlejò lásán ni àwa ará Èkó tí ń bẹ ní Tamale, pé bí a bá di ẹrù wa lọ lọ́la, ta ni òun yóò pè bí ìjà bá dé láàárín tọkọtaya? A kò dé Èkó rí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, Tamale ni wọ́n sì bí èmi àti ìwọ sí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. O ní obìnrin náà yóò yà ní ilé wa nígbà tí ó bá ń lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Bolgatanga, àti pé ohun tí ojú rẹ̀ bá rí níbẹ̀ ni yóò fi sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun ìyá rẹ mọ́ láti ìgbà náà. Èmi jẹun, ṣùgbọ́n n kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀.

Àwòrán tí o gé nínú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin òyìnbó, pé irú rẹ̀ ni kí a fi ṣe obìnrin náà lálejò, dé ọwọ́ mi láìya. Mo rí i pé orí pákó ni wọ́n ń to èso, wàrà àti ẹran sí báyìí, wọn kò lo àwo mọ́. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé ní ìgbà èwe mi, ẹni tí kò ní àwo ni ń jẹun lórí pákó. Ṣùgbọ́n ayé ń yí, inú mi sì dùn pé ó yí sí ọ̀dọ̀ àwa káfíńtà. Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Kumasi pé a kì í fi ojú díwọ̀n ohun tí a lè fi rúlà wọ̀n. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ẹni tí ó ya àwòrán náà kò kọ bí pákó ṣe gùn tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wá ohun tí mo mọ bí ó ṣe tóbi tó nínú rẹ̀, kí n lè fi ṣírò ìyókù, mo sì rí èso pupa roboto kan ní igun, tí kò lè jẹ́ ohun mìíràn bí kò ṣe tòmátì. Mo gba tòmátì gidi lọ́wọ́ Asana, mo wọ̀n ọ́n, mo wọn ti inú àwòrán, mo ṣírò, mo tún un ṣírò, iye kan náà ni ó ń bọ̀. Mo gé ìrókò, mo yọ ọwọ́ sí i ní ìdí bí ti àwòrán, mo sì fá a títí ó fi ń dán bí ìpàkọ́ pásítọ̀ wa.

Nígbà tí a fẹ́ gbé e wọlé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Orí rẹ̀ lọ kọ lu ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà níta lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́. Asana dé, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní háà, Bàbá Bernice, ta ló kú? Mo ní kò sí ẹni tó kú, àwo oúnjẹ ni. Ó ní Allah ṣàánú wa, ó ní òkú ni wọ́n ń gbé lórí irú èyí ní ilé tàwọn, ó ní àbí ìyá ọkọ náà ni ẹ fẹ́ tẹ́ sórí rẹ̀ kí ẹ fi èso yí i ká? Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé ìṣírò kì í parọ́, mo sì ní kí a gbé e sábẹ́ igi dóńgóyárò.

Ó wá ku èso. O ní kí a yan èyí tí ó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò rọ̀. Mo fẹ́ fi rúlà yan máńgòrò, Asana gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé mo fẹ́ rán aṣọ fún máńgòrò ni. Ó gbóòórùn wọn ní ibi tí wọ́n ti já lára igi, ó sì ní èyí tí ó bá ń ta sánsán níbẹ̀, tí àmì ìka kò sì hàn lára rẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, òun ni a óò gé. Àwọn èso dúdú tí ó so ní ṣírí nínú àwòrán rẹ, a kò ní irú wọn níhìn-ín. Mo fi dínyà rọ́pò wọn, èso dúdú tí àwọn ọmọdé ń ṣa nínú igbó, ṣùgbọ́n nítorí pé dínyà kì í so ní ṣírí, mo fi òwú so wọ́n mọ́ ẹ̀ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ ní iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ ni mo ń bá a parí. O tún kọ ọ́ pé kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bá ti gé, kí ó má baà dúdú. Èyí yé mi kíákíá, nítorí pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń bọ́ ìpẹtà lára irin iṣẹ́ mi. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà máa ń dípẹtà. Wàgáshì àwọn Fúlàní ni a fi ṣe wàrà, kílíṣí ni a fi ṣe ẹran, mo sì gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó jìnnà sí wàgáshì bí o ti wí, kí omi rẹ̀ má baà rin ín. Àwọn igi tínínrín tí a ó fi máa gún èso, mo ṣírò àwọn náà. Wọ́n gùn tó ọ̀pá tí olùkọ́ fi ń tọ́ka sí ara pátákó.

Nígbà tí a to gbogbo rẹ̀ tán, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn díẹ̀ bá fọ́n káàkiri inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ẹni tí ó bá rí i yóò sọ pé ahun ni wá. Ìyá rẹ ká ọwọ́ lérí. Asana jáde, kò sì pẹ́ tí ó fi gbé igbá máńgòrò àti èso igi òrí dé, ó ní ìtìjú kò ní bá Bernice òun nígbà tí òun wà láàyè. Àlíù ẹlẹ́ran gbọ́, ó gbé kílíṣí tirẹ̀ wá. Àwọn ìyá ìjọ mú ìbẹ́pẹ àti gúrọ́bà wá, ìyàwó lémọ́ọ̀mù àdúgbò gbé dàbínù dé. Ẹni tí ó bá sì gbé nǹkan wá kò padà sílé, ó fẹ́ rí ibi tí a ó to tirẹ̀ sí, ó sì fẹ́ dúró lé eṣinṣin.

Bí agboolé ṣe kún nìyẹn tí ọkọ̀ Ìyáàfin Araba fi dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo pákó, ó wò mí, ó béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni èyí. Mo fi àwòrán hàn án, mo sì ṣàlàyé ìṣírò tòmátì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di apá ìyá rẹ mú kí ó má baà ṣubú. Ó ní tòmátì kọ́, ṣẹ́rì ni, èso òyìnbó tí kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ẹ̀bi ẹni tí ó ya àwòrán ni, nítorí pé àwòrán tí kò ní ìwọ̀n, àlọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀kan nínú àwọn igi mi, kò fi gún èso, ó fi ń tọ́ka, èmi sì ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí Háúsá. Ta ló mú èyí wá? Asana ní òun ni, ẹ̀yìn òun ni Bernice sùn sí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Èyí ńkọ́? Àlíù ní òun ni, Bernice ló kọ́ ọmọ òun ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kí hajia rọra o, ata rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn ará Cape Coast. Ó bi Àlíù pé ta ló purọ́ fún un, ó gé kílíṣí jẹ, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó tún gé òmíràn. Ó ń tọ́ka bẹ́ẹ̀ títí ó fi yí pákó ká, kò sì sí èso kan tí kò rí ẹni dìde fún un pé tòun ni, nítorí Bernice ni.

Nígbà tí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè, ó pe ìyá rẹ àti èmi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú mi wà nílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú sí títóbi pákó náà, mo ní èmi yóò fi ayùn gé e sí ìwọ̀n ṣẹ́rì. Ó ní kí n má dán an wò. Ó ní ní ọjọ́ tí àwọn bá wá kan ilẹ̀kùn wa láti tọrọ ìyàwó, gẹ́gẹ́ bí àṣà tiwọn, ẹbí òun pọ̀, àti pé bí pákó náà kò bá gba gbogbo wọn, kí n fi kún un.

Nítorí náà, mo fẹ́ wó ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí pákó lè wọlé, kí òjò má baà pa àwọn àna wa lábẹ́ igi. Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́, iyekíye tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí o sì fi ti fáníìṣì kún un.

Bernice, ibi tí o bá gbẹ́sẹ̀ lé, ènìyàn yóò dìde pé tìrẹ ni àwọn. O kò ní dá nìkan jẹ, o kò ní dá nìkan sunkún. Ilé ọkọ rẹ yóò gbà ọ́, ìwọ náà yóò sì gba gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé e wá. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Babáṣọlá