Wọ́n Tilẹ̀kùn Pápá Mọ́ Bàbá Ṣadé

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ìjà àwa tí à ń sá láfún ní pápá ìlú àtàwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ti sú baálẹ̀. Wọ́n ti fi àgádágodo ti géètì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́.

Ẹnikẹ́ni. Ó kan ọkọ mi náà nìyẹn.

Ìgbàgbé ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ Bàbá Ṣadé, ó ku iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí wọ́n mú ọ̀pá, kí wọ́n lọ máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí láfún wa. Àwọn obìnrin á kí wọn kú iṣẹ́, inú wọn á sì dùn.

Lónìí, ẹnu géètì ni mo bá wọn, wọ́n di irin mú. Ewúrẹ́ ti gba abẹ́ wáyà wọlé, ó ń jẹko níwájú wọn.

Wọ́n ní, "Ìyá Ṣadé, má bínú. Mo ti ṣìnà."

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé wọn ò ṣìnà. Ọwọ́ wọn ni mo kàn dì mú. Ṣebí láfún tèmi náà wà nínú ìjà yẹn...

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa relé."

Kí wọ́n tó sùn, wọ́n fi ọ̀pá ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi ọ̀nà pápá han àwọn lọ́la.