Ìkookò Inú Arúgbó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń yá àwa olórin ní ohun èlò. Wọ́n fẹ́ gba Arúgbó lọ́wọ́ mi.

Mo kà á lórí ìdúró. Mo jókòó, mo tún un kà. Ọdún mẹ́rin ni Arúgbó, sẹ́lò yìí tó dà bíi gòjé ńlá, ti wà láàárín orúnkún mi. Ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìlú yìí. Àjọ ló ni ín, èmi ni wọ́n yá. Mo mọ̀ pé yíyá ni, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọdún méjì kún ti ọkùnrin tó lò ó ṣáájú mi. Èmi, wọn ò fi oṣù méjì kún tèmi.

Kékeré ni wọ́n fẹ́ gbé e fún. Kékeré! Akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá onírun tí a fi ń ta okùn mú. Èmi náà ni mo kọ̀wé sí àjọ lọ́dún tó kọjá pé kí wọ́n yá a ní nǹkan. Mo rò pé sẹ́lò wọn kejì ni wọ́n máa fún un. Wọ́n wá fa ọ̀rọ̀ mi yọ fún mi: "Gẹ́gẹ́ bí ìwọ fúnra rẹ ti sọ, ọmọ náà yẹ fún èyí tó dára jù lọ́wọ́ àjọ."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Mo kọ ọ́, mo sì buwọ́ lù ú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Inú ń bí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo pe Alága àjọ. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, ìyẹn ló tún ń bí mi nínú jù. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹni tó ń dá ohun èlò padà ló máa fi ìwà rẹ̀ han ẹni tó ń gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjì, nínú yàrá tèmi, torí ìwé adójútòfò kò jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó buwọ́ lùwé. Lẹ́yìn náà Kékeré á fi ta orin níwájú ìgbìmọ̀ àjọ. Mo ní tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn ńkọ́? Ó ní á jẹ́ pé ó ṣì wà lọ́wọ́ mi di ọdún tó ń bọ̀.

Kí n máa gbálẹ̀ de ẹni tó ń lé mi jáde nílé. Ó ga o.

Màmá mi ní ìbínú kò da nǹkan fúnni. Mo ní ṣé sùúrù ló máa bá mi ta okùn? Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Kékeré wá. Ó ra bisikíìtì dání. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò béèrè fún un o." Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ burúkú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

Arúgbó ní ìwà kan. Ohùn kan wà lórí okùn kẹta tó jẹ́ pé, tí o bá ti pẹ́ lórí ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa hu. Ọ̀pọ̀ sẹ́lò àtijọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ — ìkookò la ń pè é — ṣùgbọ́n ti Arúgbó le. Kò sí ọ̀nà míì ju pé kí o fi orúnkún ọ̀tún fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ojú ibì kan pàtó, kí ọwọ́ rẹ tó dé orí ohùn yẹn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá ojú ibẹ̀ rí. Ọkùnrin tó lò ó ṣáájú mi ti kó lọ sókè òkun, kò sẹ́ni tó fi hàn mí.

Nínú orin tó yára, ìkookò kì í ráyè jí. Orin jẹ́jẹ́ ló ń jí i. Orin méjì ni Kékeré máa ta fún ìgbìmọ̀, ọ̀kan yára, ọ̀kan jẹ́jẹ́, orí ohùn yẹn gan-an sì ni èyí tó jẹ́jẹ́ ti dúró pẹ́ jù. Mo sọ fún un lónìí pé kó fi ìyẹn sílẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, èyí tó yára ni ká gbájú mọ́.

Ó ní, "Ohun tí ẹ bá ti sọ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Bàbá Gọ́ọ̀mù wá yẹ Arúgbó wò. Òun ló ń bá àjọ tún àwọn sẹ́lò ṣe, ìka rẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ gọ́ọ̀mù. Ó bi mí bóyá mo ti fi ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn, tí mo sọ fún un nígbà tí mo rí i, han ọmọ náà. Mo ní mo ti fi hàn án. Ó ní o ṣeun, ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe é.

Ó ṣe mí bíi kí n tì í síta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó ń ta á dáadáa. Ó rí ohùn kan lórí okùn àkọ́kọ́ tí èmi ò rí fún ọdún mẹ́rin. Mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ nínú ilé ìdáná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣì lè sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ó hu.

Èèyàn márùn-ún ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó ta èyí tó yára, wọ́n ń mi orí. Ó bọ́ sí èyí tó jẹ́jẹ́ — Arúgbó hu bí ajá tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù. Ó tọrọ gáfárà, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún hu. Ó wo ojú mi. Kò fura sí mi rárá, àṣìṣe tirẹ̀ ló ń wá lójú mi.

Alága ní ọwọ́ ọmọ náà kò tíì gbó tó. Kí Arúgbó máa bá mi lọ sílé.

Mo borí. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò ṣí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Kékeré pè, ó ń sunkún. Ó ní òun ti dójú tì mí níwájú ìgbìmọ̀, lẹ́yìn gbogbo ohun rere tí mo kọ nípa òun. Ó ti rí ẹni tó máa ra sẹ́lò òun, òun ò ní ta okùn kankan mọ́. Ó ń bẹ̀ mí. Òun ló ń bẹ èmi!

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ta ló ní o dójú ti ẹnikẹ́ni, mo sì pa fóònù. Èmi burúkú. Èmi alára, olùkọ́ni, ọmọ tí mo tọ́ dàgbà lórí àga yìí.

Mo pe Alága, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì wá lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di orúnkún Kékeré mú, mo gbé e sí ojú ibẹ̀. Ó wò mí látòkè. Ó béèrè pé, "Ẹ ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ tí mo ti ń wá sílé yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ta orin jẹ́jẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn yẹn jáde, ó gùn, ó mọ́ kedere, ó dára ju bí mo ṣe ń ta á lọ. Kí n má parọ́ nínú ìwé ara mi: ìyẹn náà bí mi nínú.

Wọ́n buwọ́ lùwé. Alága ní kí n má kọ̀wé sí wọn mọ́, ì báà jẹ́ fún ara mi, ì báà jẹ́ fún ẹlòmíì. Mo ní mo gbọ́.

Kékeré gbé Arúgbó kọ́ ẹ̀yìn. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó dúró, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ti wà lọ́dọ̀ mi, kò pè mí ní mà rí.