Ọ̀nà Rélùwéè Bàbá Mi ní Omifunfun

Bàbá mi, Bàbá Rélùwéè,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí jù, kí n tó sọ ìyókù. Mo ti rí i. Ojú irin tí ẹ fẹ́ rí títí ẹ fi lọ, èmi ni mo rí i, láti ojú fèrèsé bàálù, lórí aṣálẹ̀ tí kò ní igi kan ṣoṣo, nígbà tí mo ń bọ̀ wálé láti Dubai wá sin yín. Ta ni kí n wá sọ ọ́ fún? Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà jẹ lógún ti wà ní mọ́ṣúárì ní Ọ̀rẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí á máa sunkún níwájú àlejò, torí náà mo fi gèlè mi bo ojú. Ọkùnrin tó jókòó tì mí rò pé ẹ̀rù bàálù ló ń bà mí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé a ò ní pẹ́ dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ Omifunfun, abúlé wa, pé ojú irin ló pa mí lẹ́kún?

Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n, ó sì tẹ́ lọ bí ẹní. Kò sí odò, kò sí ilé. Mo ti ń wò ó tipẹ́, oorun ti fẹ́ gbé mi lọ, kí n tó rí ìlà kan tó tọ́ gbọnrangandan tó gba àárín iyanrìn kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé títì ni. Àmọ́ títì a máa yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún, èyí kò yà síbì kankan. Wọ́n ti gbá iyanrìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi bí ìgbà tí ẹ̀yin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tiyín tán. Ibẹ̀ ni mo ti dá a mọ̀. Ẹni tó bá ti rí oko wa rí, kò lè rí ojú irin kó ṣì í mọ̀.

Mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú fìlà ike lórí wọn. Wọ́n fi èèkàn tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa la àárín oko wa já, wọ́n ní ibẹ̀ ni rélùwéè yóò gbà, kí ẹnikẹ́ni má gbin ohun tó máa pẹ́ nílẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Àwọn tí a jọ pààlà gbọ́, wọ́n kí wọn pé ó dàbọ̀, kí òjò tó rọ̀ wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹsẹ̀ èèkàn. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbé àdá. Igi kòkó tó ń so lọ́wọ́ lẹ gé, àwọn tí bàbá yín gbìn. Màmá bínú títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó lọ sílé wọn. Èsì kan náà lẹ ń fún un: ẹni tó ń retí àlejò kì í to igi sẹ́nu ọ̀nà.

Ikán jẹ èèkàn tán. Àwọn awọnlẹ̀ kò padà wá. Ohun tí ẹ wá ṣe ló sọ yín di Bàbá Rélùwéè lẹ́nu tọmọdé tàgbà: ẹ gún pèrègún sójú ihò èèkàn kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe máa ń fi pèrègún pa ààlà láàárín oko méjì, torí pé pèrègún kì í kú, ikán ò sì rí i jẹ. Ó di ìlà méjì, ẹsẹẹsẹ, láti ìpẹ̀kun oko wa kan dé ìkejì. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ẹ ó ṣán àárín wọn títí tí kò fi ní ku koríko kan. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé kòkó kọjá a máa dúró, wọn a béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ọkọ̀ ti dé. Ẹ̀yin náà ò jẹ́ bínú. Ẹ ó ní ó ti kúrò ní Èkó, kí wọ́n yáa lọ múra.

Ṣé ẹ rántí ìran tí Ìyá Aríran rí sí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ní òun rí ojú yín lẹ́nu fèrèsé ohun gígùn kan, tí fèrèsé rẹ̀ tò tẹ̀ léra wọn lọ rẹrẹ. Ó ní ẹ ń wo ìta, omijé ayọ̀ sì ń bọ́ lójú yín. Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Ẹ ò tilẹ̀ dúró jẹun nígbà tí a délé, ẹ kàn fa àdá yọ lábẹ́ àga, ẹ kọrí sí oko. Màmá ló ń sáré tẹ̀ lé yín pé kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ sùtánà.

Èmi náà ń fi yín rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, n kò ní purọ́. Títí ó fi kan Dáre.

Àbúrò mi kan ṣoṣo ń bọ̀ wá ṣe Kérésì. Ó ti dé ìtòsí Ọ̀rẹ̀, ó ti pe Màmá pé kó gbé omi ẹ̀bà kaná. Tírélà kan ń bọ̀ níwájú, ó yà fún kòtò lójú títì márosẹ̀, ó sì kọlu ọkọ̀ wọn. Ẹ ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a sin ín tán, ẹ lọ sí oko, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán ọ̀nà rélùwéè, bẹ́ẹ̀ kò tíì kún. Mo gbé omi wá fún yín. Ẹ ò gbà á. Ẹ na àdá sí ọ̀gangan ibi tí ẹ ti ṣán, ẹ ní, "Ọkọ̀ ojú irin kì í yà fún kòtò." Ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi yín rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ọlọ́kadà pàápàá jáwọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀nà tí ọmọ yín lè gbà délé láàyè lẹ ń tọ́jú.

Bàbá, mo ti múra ohun kan sílẹ̀. A ti jọ sọ ọ́ lórí fóònù pé tí mo bá wálé, èmi pẹ̀lú yín yóò wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ká kàn lọ, ká kàn bọ̀, láìní iṣẹ́ kankan tí a fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ bi mí bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí arúgbó jókòó sẹ́nu fèrèsé. Mo ní ẹnu fèrèsé ni ẹ ó jókòó sí títí yóò fi sú yín. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kò lè sú yín. Ṣé ẹ ò lè dúró díẹ̀ sí i ni? Kí ló ń lé yín?

Màmá ní òun bá yín lórí ọ̀nà rélùwéè yín, ẹ fẹ̀yìn ti pèrègún kan, ẹ gbé àdá lé itan. Ó rò pé ẹ ń sinmi ni. Ó bá yín jà dáadáa pé oúnjẹ ti tutù, pé ẹ ti dàgbà jù fún oòrùn báyìí. Ó jà títí ó fi sún mọ́ yín. Ìyẹn ló ń dùn ún jù, pé ìjà ni ọ̀rọ̀ tí òun fi sìn yín lọ.

Kí n tó wọ bàálù ni Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ti ní kí á sin yín sí ẹ̀yìnkùlé ilé ẹbí wa ní Ọ̀rẹ̀, kí òun sì gbin ọ̀pẹ sójú ọ̀nà rélùwéè kí òjò àkọ́rọ̀ tó dá. Ó ti gbin ọmọ ọ̀pẹ sínú àpò dúdú. Kì í ṣe ìkà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òun ló ń bá Màmá wá igi ìdáná, òun ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ilẹ̀ tó dáa kì í sùn lásán nígbà tí ebi ń pa ènìyàn. Màmá ní òun ò lágbára àríyànjiyàn, pé èmi ni àkọ́bí, ohun tí mo bá sọ tí mo bá dé ni wọn yóò ṣe. Mo ti pinnu pé màá ní kó gbìn ín. Ilẹ̀ òkèèrè ni mò ń gbé, ta ló máa máa ṣán an?

Ìpinnu yẹn ni mo gbé wọ bàálù. Ojú irin náà ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo wá ọkọ̀ lórí rẹ̀ títí. Mo fẹ́ rí ọkọ̀ kan péré, bó ti wù kó kéré tó, kí n lè ròyìn rẹ̀ fún yín níbi sàréè. N kò rí i. Apá bàálù bò ó, ó lọ. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè ni mo rí òjìji ara mi nínú gíláàsì fèrèsé. Gbogbo ayé ló ń sọ pé èmi àti ẹ̀yin jọra bí ìmumu. Iwájú orí yín ni mo rí, ìpéǹpéjú yín, omijé sì ń bọ́ lójú yín. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, fèrèsé tò lọ rẹrẹ. Bàbá mi, Ìyá Aríran kò purọ́. Bàálù ló rí. Èmi ló rí. Ẹkún yẹn nìkan ni kò rí dáadáa, kì í ṣe ti ayọ̀.

Títì márosẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé mi gbà láti Èkó. Awakọ̀ ń yà fún kòtò, èmi ń di àga mú. Nígbà tí a dé ibi tí Dáre kú sí, mo di ojú. Mo délé láàyè. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Bàbá Kékeré lọ sí oko. Ilẹ̀ mọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí pèrègún tí ẹ fẹ̀yìn tì. Láti ibẹ̀ lọ, koríko dé mi lórúnkún. Mo kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tí àdá Bàbá dúró sí ni kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún, kó má dí ọ̀nà." Ó mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹnikẹ́ni kì í gbin nǹkan dí ọ̀nà sàréè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ta ni yóò máa ṣán an tí o bá padà?"

Ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ di ìsinsìnyí. Àmọ́ Bàbá Kékeré kó àwọn ọmọ ọ̀pẹ rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá àkùrọ̀, kò sì tún sọ̀rọ̀ náà mọ́.

A sin yín lánàá. Ìjọ wọ funfun wá, wọ́n kọrin títí oòrùn fi rọ̀. Lónìí, mo mú àdá yín. Èèkù rẹ̀ ti jin níbi tí àtàǹpàkò yín máa ń wà, àtàǹpàkò mi kò kún ibẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ yín, mo ṣán èyí tí ẹ ò rí ṣe parí. Ọwọ́ mi ti bó. Màmá gbé omi wá, mo gbà á, mo mu ún, torí pé mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọn ò gba tirẹ̀.

Mo ṣán an dé ìdí pèrègún tó kẹ́yìn. Mo yíjú padà, mo wo ibi tí mo ti ń bọ̀. Ó mọ́ látòkè délẹ̀, kò sí kòtò kankan níbẹ̀. Mo dúró, mo ń wo ọ̀kánkán bí ẹ ṣe máa ń wò ó, bí ẹni pé ẹ̀yin àti Dáre máa yọ. Ọ̀nà ti là, Bàbá mi. Kò sí ẹni tó ń bọ̀.

Èmi ni, àkọ́bí yín,
tó ń gbé ojú yín kiri.