Ìdérí Kẹrin fún Ẹsẹ̀ Mọ́tò Rẹ

Abà Ògúnjìmí,
Ọ̀nà Ìwó.
Oṣù Kọkànlá, 1976.

Mísbáù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà ní Ìsọlọ̀ wà dáadáa? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ ìhunṣọ tí o ń dúró tì gé ọ lọ́wọ́, ibi tí ojú rẹ kò tó, Ọba Òkè yóò bá ọ mójú tó o. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí pẹ̀lú ìwọ̀nba ìwé tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, bá mi nà án.

Àgbàdo kò burú lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Atẹ́gùn ṣí páànù lórí ilé ìdáná, bàbá rẹ sì ti kàn án padà kí iṣẹ́ mọ́tò rẹ tó gbà wọ́n lọ́wọ́.

Wàsílátù tó ń ta búrẹ́dì ní Apákun ló jẹ́ iṣẹ́ rẹ fún wa nígbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ó ní o ti fi owó Údòjì tí wọ́n fi kún owó oṣù yín ra mọ́tò, ṣùgbọ́n àwọn olè Ọ̀ṣọ́dì ti yọ ìdérí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, pé o kò lè gbé e wálé bẹ́ẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ má baà fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní irú èyí tó ń dán tó sì tẹ́jú bọ̀rọ́bọ̀rọ́ lo fẹ́, bíi ti àwọn olówó. Àánú mọ́tò náà ṣe wá. Ọdún kẹta rèé tí a ti rí ọ gbẹ̀yìn, a ti ń rò pé àwa la ṣẹ̀ ọ́, a kò mọ̀ pé ìhòòhò ẹsẹ̀ mọ́tò ni. Ọ̀rọ̀ náà sì yé mi, nítorí mọ́tò tí bàtà ti mọ́ lára kò lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti Èkó dé ibí lórí ọ̀dà gbígbóná.

O mọ̀ pé fìtílà alágolo àti ìdérí ìkòkò ni bàbá rẹ fi gbogbo ayé wọn ṣe. Wọ́n ní kí n kó àwọn bàsíà tí mo gbé wá sílé ọkọ jáde, mo sì kó wọn jáde. Wọ́n fi okùn tí o fi wọn ẹsẹ̀ mọ́tò náà, tí o fi rán Wàsílátù sí wa, wọn ìdí àwọn bàsíà náà, wọ́n gé e róbótó, wọ́n fi òòlù onígi lù ú lórí ìtì igi tí wọ́n gbẹ́ nínú, wọ́n sì fi eérú àti ewé eépín ha á. Wọ́n lu ihò kékeré sí i, wọ́n ní táyà tó bá ti Èkó sáré wá yóò gbóná, ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Èmi ni mo rán wọn létí pé kò sí ibi tí o máa dì mú bí o bá fẹ́ ṣí i wò, ni wọ́n bá lẹ ìdìmú mọ́ ọn. Nígbà tí Wàsílátù tún yà, ó ní mọ́tò kì í ní ìdìmú. Bàbá rẹ kò bínú. Wọ́n yọ ti mẹ́ta kúrò, wọ́n tún wọn ha títí mo fi rí ojú ara mi nínú wọn, mo sì rí i pé mo ti darúgbó.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń lù ú yìí, bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró mọ́tò lójú ọ̀nà, wọ́n á gbé òòlù dúró, wọ́n á wò ó títí yóò fi kọjá.

Àwọn àgbà ilé ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé ara bàbá rẹ kò yá díẹ̀. Wọ́n ní a kì í kọ irú èyí tó kù sínú lẹ́tà. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fà á ya, nítorí bí o bá gbọ́ pé ara wọn kò yá, wàá ní kí o kọ́kọ́ parí mọ́tò. Mísbáù, bàbá rẹ ti kú. Wọ́n kírun Àsárì tán, wọ́n gbé ìdérí kẹrin lé itan pé kí wọ́n yọ ìdìmú rẹ̀, wọ́n ní àyà ń dùn wọ́n, wọ́n sì fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí mo fi gbé omi dé, wọ́n ti lọ. A sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dùn mí wọ inú egungun.

Má ṣe sọ pé a kò wá ọ. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìwó pẹ̀lú nọ́ńbà ilé iṣẹ́ yín, akọ̀wé ibẹ̀ gbé tẹlifóònù lé mi létí, ọkùnrin kan sì dáhùn. Mo kí i. Mo béèrè ìyàwó rẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀ bí wọ́n bá ṣì wà láyé, torí ta ló máa gbé òkú ka iwájú ẹni tí kò tíì kí? Ibi tí mo ti fẹ́ máa sọ tiwa ni nǹkan náà ti dákẹ́. Akọ̀wé ní àkókò mi ti pé. Bá mi bẹ ọkùnrin náà, bóyá ìbéèrè mi ló bí i nínú.

Mẹ́ta wà nínú àpò tí Wàsílátù gbé wá fún ọ. Èkẹrin wà lọ́dọ̀ mi, mi ò ní fi ránṣẹ́. Ìwọ náà lo sọ pé mọ́tò náà kò lè wálé láìbo ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, nítorí náà jẹ́ kó jókòó sí Ìsọlọ̀, kí o wọ lọ́rì ní Ọ̀ṣọ́dì bí o ṣe wọ̀ ọ́ lọ. Àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá rẹ ṣì wà níwájú, ìwọ ni àrẹ̀mọ, ẹnikẹ́ni kò lè bá ọ jókòó síbẹ̀.

Owó tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Owó ọkọ̀ ni. Má fi rán ẹnikẹ́ni sí mi, awakọ̀ tó máa gbé ọ wá ni kí o kó o fún.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ, ilé kò ní lé ọ, oko kò ní kọ̀ ọ́, àwọn ọmọ tí o máa bí yóò máa wá wò ọ́. Ìdérí kẹrin náà ni mo fi dé ìkòkò omi bàbá rẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó bá ẹnu rẹ̀ mu, ìdìmú rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. Bí o bá dé, má tíì sọ̀rọ̀. Ṣí i, kí o kọ́kọ́ bu omi mu.

Èmi ìyá rẹ,
Àjọkẹ́.